Ìwé àṣẹ ìkọ́lé ní Iléṣà: pulọ́ọ̀tì 50 × 100, kí ni ká kọ́kọ́ ṣe?

Ọmọ_Ọ̀bokún

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ilẹ̀ kan wà ní Iléṣà, ìbú rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50, gígùn rẹ̀ 100. Ọwọ́ ẹbí la ti rà á. Rìsíìtì wà, ìwé àdéhùn tí olórí ẹbí buwọ́ lù náà wà. Kò tíì sí sọ́féè, ìyẹn àwòrán ìwọ̀n àti ààlà ilẹ̀. Ilé ilẹ̀ oníyàrá mẹ́rin la fẹ́ kọ́, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù méjì níwájú. Ẹnì kan ti ta puláànù kan fún wa, mítà 12 ni ìbú ilé tó wà nínú rẹ̀.

Kí ni ká kọ́kọ́ ṣe báyìí? Àwọn ìwé wo ni ọ́fíìsì máa bèèrè? Ṣé a lè gbẹ́ fandéṣọ̀n sílẹ̀ nígbà tí a bá ń retí àṣẹ? Ẹnì kan tó kọ́lé l'Ékòó ní ká kàn lọ fi orúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó parí.

Olùṣètò_Ìlú

Ẹ kú ìmúra ilé. Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan sí i, ẹ gbé puláànù oní-mítà-12 yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ilẹ̀ yín ò gbà á. Ẹ wo ìṣirò rẹ̀.

Ẹsẹ̀ bàtà 50 jẹ́ mítà 15.24, 100 sì jẹ́ mítà 30.48. Ilé kì í kan ààlà ilẹ̀. Àyè tó gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù láàárín wọn là ń pè ní sẹ́tíbáàkì, èyí tó sì wọ́pọ̀ jù fún ilé gbígbé ni mítà 6 níwájú, 3 lọ́tùn-ún, 3 lósì, 3 lẹ́yìn. Ẹ yọ 6 kúrò nínú ìbú, ó ku 9.24. Ẹ yọ 9 kúrò nínú gígùn, ó ku 21.48. Àárín àyè yẹn nìkan ni ilé yín lè dúró sí: mítà 9 ní ìbú, mítà 21 ní gígùn. Ilé oní-mítà-12 á wọ inú sẹ́tíbáàkì ní bíi mítà 1.4 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Òṣìṣẹ́ tó bá gba fáìlì náà á ti rí i kó tó ṣí ojú ewé kejì, á sì dá a padà. Ẹ bèèrè òdiwọ̀n sẹ́tíbáàkì ti àdúgbò yín gan-an ní ọ́fíìsì kí ayàwòrán tó fa ìlà kan, nítorí àdúgbò kan lè ju òmíràn lọ, pàápàá bí ilẹ̀ bá kojú títì ńlá.

Ní ti ọ̀rọ̀ Èkó: Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti dá a ní 2003, nínú ẹjọ́ tí Ìpínlẹ̀ Èkó pe ìjọba àpapọ̀, pé ìpínlẹ̀ ló ni ọ̀rọ̀ ìṣètò ìlú. Láti ìgbà náà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń ṣe òfin tirẹ̀, ó ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀ àti bó ṣe ń ṣírò owó. Òfin 88 ti ọdún 1992, òfin ìṣètò ìlú ti ìjọba àpapọ̀, ni ọ̀pọ̀ wọn ti mú ìpìlẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi jọra, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tó gba àṣẹ l'Ékòó lè fi òótọ́ inú sọ ohun tó mọ̀ fún yín, kó má sì wúlò l'Ọ́ṣun.

Ọ́fíìsì Táùn Pulánìn ti ìjọba ìbílẹ̀ tí ilẹ̀ wà lẹ máa lọ. Iléṣà pín sí méjì, Ìlà-Oòrùn àti Ìwọ̀-Oòrùn. Ilẹ̀ tuntun tí wọ́n ń gé tà ní ẹ̀yìn ìlú sì lè ti bọ́ sí Àtàkúnmọ̀sà, kí ẹni tó tà á ṣì máa pè é ní Iléṣà. Ẹ mọ èyí dájú kí ẹ tó ra fọ́ọ̀mù, nítorí ọ́fíìsì kan ò lè fi àṣẹ sí ilẹ̀ tó wà lábẹ́ òmíràn.

Bí iṣẹ́ ṣe ń tẹ̀ léra nìyí: sọ́féè, àyẹ̀wò bóyá ilẹ̀ bọ́ sínú ilẹ̀ ìjọba, àwòrán ilé, àwòrán ti ẹnjiníà, fọ́ọ̀mù àti fáìlì, àbẹ̀wò òṣìṣẹ́ sórí ilẹ̀, bílì, owó sísan, àyẹ̀wò ìkẹyìn, òǹtẹ̀. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí àwòrán máa ń ya àwòrán lẹ́ẹ̀mejì.

Awọnlẹ̀_31

Ọ̀gá ti sọ̀rọ̀. Èmi máa dúró lórí sọ́féè, torí ibẹ̀ ni fáìlì ti máa ń bàjẹ́ láìjẹ́ pé onílẹ̀ mọ̀.

Ẹ má gbé "50 × 100" tí ẹbí fẹnu sọ fún ayàwòrán. Okùn ni wọ́n fi ń wọn ilẹ̀ tà ní ọ̀pọ̀ ibi, ilẹ̀ Iléṣà sì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Okùn tí wọ́n tẹ́ lé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kọjá gígùn gidi tó wà lórí ìwé. Nígbà tí awọnlẹ̀ bá gbé ẹ̀rọ débẹ̀, ẹ lè bá 14.60 dípò 15.24. Sẹ̀ǹtímítà 64 yẹn, inú ìbú ilé yín ló ti máa jáde.

Awọnlẹ̀ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SURCON, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn awọnlẹ̀, ni kó ṣe é. Tí ìwé bá jáde, ẹ yẹ nǹkan wọ̀nyí wò fúnra yín: orúkọ onílẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lórí ìwé àdéhùn, àdúgbò àti ìjọba ìbílẹ̀, ìwọ̀n ilẹ̀ ní mítà onígun mẹ́rin (ilẹ̀ yín tó bá pé máa wà ní nǹkan bí 464), ààlà tí wọ́n fi ìlà pupa fà, nọ́ńbà bíkìn (òpó kéékèèké tó ń sàmì igun ilẹ̀) mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọfà àríwá, ojú ọ̀nà tó wọ ilẹ̀, ìbuwọ́lù, òǹtẹ̀ àti déètì.

Nọ́ńbà ibi tí ilẹ̀ wà náà ń sọ̀rọ̀. Iléṣà wà nínú UTM Zone 31, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀ka tí wọ́n pín ayé sí fún wíwọn ilẹ̀ ní mítà. Nọ́ńbà ti ìlà-oòrùn á wà láàárín nǹkan bí 685,000 sí 700,000, ti àríwá láàárín 835,000 sí 850,000. Bí ẹ bá rí 540,000 lórí sọ́féè ilẹ̀ Iléṣà, ilẹ̀ ibòmíràn ni ìwé yẹn ń júwe, ẹ dá a padà lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sì fi GPS fóònù yẹ̀ ẹ́ wò ní tààrà. Minna ni ìpìlẹ̀ ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ sọ́féè wa ń lò, ti fóònù sì yàtọ̀ sí i, wọ́n á fi ọ̀pọ̀ mítà yà síra bí ẹ ò bá yí i padà.

Lẹ́yìn náà ni ẹ mú un lọ sí ọ́fíìsì Sọ̀féyọ̀ Àgbà ti ìpínlẹ̀ kí wọ́n gbé e lé máàpù. Ibẹ̀ lẹ ti máa mọ̀ bóyá ilẹ̀ bọ́ sínú èyí tí ìjọba ti gbà, tàbí ojú ọ̀nà tí wọ́n ti yà sílẹ̀, tàbí sọ́féè ẹlòmíràn. Bó bá bọ́ sínú ilẹ̀ ìjọba, kò sí puláànù tó lè tún un ṣe.

Agbẹjọ́rò_Ilẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìwé kún un. Ẹ ní olórí ẹbí buwọ́ lù. Àwọn àgbààgbà ẹbí ńkọ́, àwọn olórí ojúlé? Lábẹ́ òfin àbáláyé tí ilé-ẹjọ́ wa ń tẹ̀ lé, bí olórí ẹbí bá tà láìsí àwọn àgbààgbà wọ̀nyí, wọ́n lè lọ sílé-ẹjọ́ kí wọ́n ní kí a fagi lé títà náà. Bí àwọn yẹn bá sì tà láìsí olórí ẹbí, asán ni títà ọ̀hún láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wá ìbuwọ́lù ojúlé kọ̀ọ̀kan báyìí tí inú wọn ṣì dùn sí yín. Tí òrùlé bá gorí ilé tán, iye tí ìbuwọ́lù kan ń náni á ti yàtọ̀.

Ìkejì, orúkọ. Rìsíìtì ní orúkọ ìyàwó, sọ́féè ní ti ọkọ, ìwé owó orí ní orúkọ iléeṣẹ́ ọkọ: irú fáìlì bẹ́ẹ̀ á dúró sójú kan títí wọn yóò fi ṣàlàyé ẹni tó ni ilẹ̀. Ẹ pinnu ẹni tó ń tọrọ àṣẹ lónìí, kí orúkọ kan náà, lẹ́tà sí lẹ́tà, wà lórí gbogbo ìwé. Bí méjì bá ni ín, kí orúkọ méjèèjì wà lórí gbogbo wọn.

Ìkẹta, ẹ má ṣe rò pé ìwé àṣẹ ìkọ́lé ló sọ yín di onílẹ̀. Ohun tó ń sọ kò ju pé ilé tó wà nínú àwòrán yìí bá òfin ìṣètò mu. Ẹ̀tọ́ orí ilẹ̀ wà lábẹ́ Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978, ìwé tirẹ̀ sì ni C of O (ìwé ẹ̀rí ẹ̀tọ́ lílo ilẹ̀) tàbí ìyọ̀ǹda gómìnà. Ajagungbalẹ̀ ò bẹ̀rù òǹtẹ̀ Táùn Pulánìn.

Bíríkìlà_Àgbà

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ẹni tó bá ń dúró de gbogbo èyí, símẹ́ńtì á ti gbówó lórí. Nílẹ̀ wa, a máa ń fi fandéṣọ̀n sọlẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà tún un tà. Mo rò pé kí wọ́n gbẹ́ ẹ, kí wọ́n gbé e dé DPC (kọ́ńkéré tó ń dí ọ̀rinrin, ibi tí ògiri ti ń bẹ̀rẹ̀), kí wọ́n dúró níbẹ̀.

Olùṣètò_Ìlú

Ọ̀gá Bíríkìlà, ẹ̀rù kí wọ́n má tún un tà yẹn tọ́, ṣùgbọ́n fandéṣọ̀n kọ́ ni oògùn rẹ̀. Lójú òfin, ìgbà tí ẹ bá ti gbẹ́ ilẹ̀ láti kọ́lé, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìkọ́lé. Bí òṣìṣẹ́ bá dé tó bá ilé dé DPC láìsí àṣẹ, ohun tí wọ́n máa fi ọ̀dà pupa kọ sára búlọ́ọ̀kù ni STOP WORK àti X, ìwé ìkìlọ̀ á tẹ̀ lé e. Láti ìgbà náà, fáìlì yín ti kúrò ní ti ẹni tó ń tọrọ àṣẹ, ó ti di ti ẹni tó rú òfin. Owó ìtanràn á wọ inú bílì, wọ́n lè bèèrè àwòrán ilé bó ṣe wà ní ìdúró, wọ́n sì lè ní kí ẹnjiníà wá yẹ agbára kọ́ńkéré wò.

Ohun tó burú jù ni bí ìwọ̀n bá yẹ̀. Bí fandéṣọ̀n bá fi ààbọ̀ mítà wọ inú sẹ́tíbáàkì, kò sí àwòrán tó lè sún un. Ẹ máa hú u ni. Ẹ ronú iye búlọ́ọ̀kù, símẹ́ńtì àti owó àwọn tó gbẹ́ ẹ tó máa ṣòfò nítorí sẹ̀ǹtímítà 50.

Ẹni tó ń bẹ̀rù ajagungbalẹ̀, kó ri bíkìn dáadáa, kó fi pátákó orúkọ síbẹ̀, kó fi àwọn ìwé rẹ̀ sílé agbẹjọ́rò. Fẹ́ǹsì pàápàá, ẹ bèèrè ní ọ́fíìsì kí ẹ tó mọ ọ́n, torí ìkọ́lé ni òun náà.

Ayàwòrán_Ilé

Ẹ má jẹ́ kí mítà 9 yẹn já yín láyà. Yàrá mẹ́rin wọ inú rẹ̀. Ẹ wò ó: ògiri mẹ́rin ló dábùú ilé láti ọ̀tún dé òsì, méjì níta, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ búlọ́ọ̀kù oníínṣì 9, ìyẹn mílímítà 225, àpapọ̀ wọn jẹ́ mítà 0.9. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 9, ó ku 8.1. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ oní-mítà 1.2, ó ku 6.9. Ẹ pín in sí méjì: mítà 3.45 fún yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí gígùn yàrá bá jẹ́ 3.6, ó fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 12.4, ibùsùn ńlá àti kọ́bọ́ọ̀dù á gbà síbẹ̀. Bí ẹ bá fi búlọ́ọ̀kù oníínṣì 6 ṣe ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, yàrá kọ̀ọ̀kan á tún rí bíi sẹ̀ǹtímítà 7 jẹ.

Fèrèsé: òdiwọ̀n tí à ń lò ni pé kí ojú fèrèsé má kéré sí ìdá kan nínú mẹ́wàá ilẹ̀ yàrá. Yàrá 12.4 ń fẹ́ 1.24. Fèrèsé 1.2 × 1.2 fún yín ní 1.44, ó tó. Fèrèsé 0.9 × 1.2 jẹ́ 1.08, kò tó, wọ́n á fi bíírò pupa yí i po.

Àwọn ojú ewé tó yẹ kó wà nínú àwòrán: ibi tí ilẹ̀ wà nínú ìlú; ilẹ̀ fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ilé, sẹ́tíbáàkì, géètì, kànga, sókàwéè (kòtò tí omi ìdọ̀tí ti ń wọlẹ̀), gótà àti ibi tí omi òjò ń ṣàn sí; ilẹ̀ ilé pẹ̀lú gbogbo ìwọ̀n, ní ìwọ̀n 1:100; òrùlé; ojú ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin; gígé ilé méjì (àwòrán bí inú ilé ṣe rí bí a bá gé e láti òkè dé ìsàlẹ̀), kí ọ̀kan gba ilé ìwẹ̀ kọjá; kúlẹ̀kúlẹ̀ táǹkì ìgbẹ́ àti sókàwéè; tábìlì ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Ẹ̀dà márùn-ún ni ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ń gbà. Ní Iléṣà, mo bẹ̀ yín, kí gígé ilé fi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ hàn gẹ́gẹ́ bó ṣe rí. Àwòrán tó fi ilẹ̀ tó tẹ́jú hàn níbi tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wà, ọjọ́ àbẹ̀wò ni àṣírí rẹ̀ ń tú, ìgbà yẹn lẹ sì máa tó mọ̀ pé ògiri ìdènà yẹ̀pẹ̀ kò sí nínú ètò yín rárá.

Òǹtẹ̀ ARCON, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn ayàwòrán ilé, ni kó wà lórí àwòrán ilé. Ẹni tó ta puláànù fún yín, ẹ bi í bóyá ó ní in.

Ìyá_Ṣọ́ọ̀bù

Ẹ dákun, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fẹ́ kọ́ níwájú ńkọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn ló kọ́ tiwọn mọ́ fẹ́ǹsì, tí ilẹ̀kùn kọjú sí títì, kò sì sẹ́ni tó bá wọn wí.

Ayàwòrán_Ilé

Ẹ̀yin mà, ṣọ́ọ̀bù tó wà lórí fẹ́ǹsì ló máa ń kọ́kọ́ gba X lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fẹ ọ̀nà tàbí la gótà. Pé wọn ò tíì bá ẹnì kan wí kò sọ ọ́ di ohun tó ní àṣẹ, kò sì sí owó gbà-má-bínú fún ilé tí kò ní ìwé bí wọ́n bá wó o.

Kí wọ́n gbé ṣọ́ọ̀bù méjèèjì sí ojú ilé gan-an, lẹ́yìn mítà 6 yẹn. Nínú gígùn 21.48, ẹ fi 3.6 fún ṣọ́ọ̀bù, ó ku bíi 17.9 fún ilé. Mítà 6 iwájú yẹn á wá di ibi tí oníbàárà ń gbé ọkọ̀ sí. Ọkọ̀ kan gba bíi 2.5 × 5, mẹ́rin á dúró síbẹ̀ láìdí géètì. Ẹ̀gbẹ́ ni kí onílé máa gbà wọlé, kó má baà jẹ́ pé àárín oníbàárà ló ń kọjá.

Ohun pàtàkì kan: kí wọ́n kọ "ilé gbígbé àti ṣọ́ọ̀bù" sórí fọ́ọ̀mù. Bí wọ́n bá kọ "ilé gbígbé" nìkan nítorí kí bílì lè kéré, tí òṣìṣẹ́ wá rí ìlẹ̀kùn irin ńlá méjì nínú àwòrán, wọ́n á dá fáìlì padà. Bí wọ́n bá sì fi ṣọ́ọ̀bù pamọ́ títí ilé fi parí, yíyí ìlò ilé padà láìgbàṣẹ nìyẹn, ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ wà lọ́tọ̀.

Ẹnjiníà_Kọ́ńkéré

Ìwé tèmi làwọn èèyàn máa ń rò pé wọ́n lè yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Wọ́n á mú àwòrán irin ti ilé kan, wọ́n á yí orúkọ padà, wọ́n á fi há àwòrán ayàwòrán. Ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò kì í pẹ́ mọ̀: á gbé ojú ewé méjèèjì léra, á wo òpó. Bí òpó bá bọ́ sí àárín ilẹ̀kùn nínú ọ̀kan tó sì wà ní igun nínú èkejì, ọ̀rọ̀ parí. Kí ayàwòrán àti ẹnjiníà lo ìlà òpó kan náà, A, B, D àti 1, 2, 3, kí ìwọ̀n àárín wọn sì bára mu.

Fún ilé ilẹ̀ lórí ilẹ̀ tó le, ohun tí ẹ máa rí nínú àwòrán wọ̀nyí ni kòtò fandéṣọ̀n tó fẹ̀ tó mílímítà 675, tó jìn tó 900, pẹ̀lú kọ́ńkéré 225 nísàlẹ̀ rẹ̀. Òpó 225 × 225 pẹ̀lú irin oní-12 mẹ́rin, àti òrùka irin oní-8 ní gbogbo 200, mílímítà ni gbogbo rẹ̀. Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ ni mo sọ, kì í ṣe oògùn gbogboogbò. Ibi tí ilẹ̀ bá jẹ́ àkùrọ̀, tàbí tí wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ dí i, á yí padà pátápátá. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ kòtò méjì tó jìn tó mítà 1.5, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, kí ẹnjiníà fojú rí ohun tó wà níbẹ̀ kó tó ṣírò. Bó bá jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lẹ fẹ́ kọ́, ẹ ṣètò fún àyẹ̀wò ilẹ̀ ní láàbù.

Inú fáìlì, ti ẹnjiníà ni: àwòrán irin, ìwé ìṣirò, àti lẹ́tà pé òun á bójú tó iṣẹ́ náà, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú òǹtẹ̀ COREN, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn ẹnjiníà. Ẹni tó fún yín ní lẹ́tà yẹn gbọ́dọ̀ wá sí ojú iṣẹ́ lóòótọ́. Bí ẹ bá ra lẹ́tà nìkan, kò sí ẹni tó máa dá bíríkìlà dúró nígbà tó bá fẹ́ fi irin oní-10 rọ́pò oní-12.

Wolé_Wolé

Mo ka gbogbo rẹ̀, ẹ ò tíì dúró lórí kànga àti sókàwéè, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ 50 × 100 ni wọ́n ti máa ń há ara wọn mọ́.

Mítà 30 ni à ń fẹ́ láàárín kànga àti sókàwéè. Ilẹ̀ yín kò gùn ju 30.48 lọ, nítorí náà ẹ ò lè tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ kan náà. Igun sí igun ni kí ẹ fi wọ́n sí. Bí kànga bá wà ní igun iwájú lọ́tùn-ún, tí sókàwéè wà ní igun ẹ̀yìn lósì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi bíi mítà kan jìnnà sí ààlà, ìbú àárín wọn jẹ́ bíi 13, gígùn bíi 28, ìlà tó lọ láti igun sí igun sì jẹ́ bíi 31. Ó gbà, ó kù díẹ̀ kó má gbà. Kí sókàwéè wà ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí kànga wà lókè. Bí ilẹ̀ bá da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ síwájú, ẹ yí méjèèjì padà.

Ẹ tún fẹsẹ̀ rìn lọ wo ti aládùúgbò. Sókàwéè rẹ̀ lè wà ní mítà 5 sí kànga tí ẹ ti yà sórí ìwé. Òṣìṣẹ́ tó bá mọṣẹ́ á bojú wo òdìkejì fẹ́ǹsì.

Bákan náà, àwọn àdúgbò kan wà tí àpáta súnmọ́ ojú ilẹ̀. Kí ẹ tó fi sókàwéè síbì kan, ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, ẹ da omi kún un kí ilẹ̀ mu, ẹ tún dà á kún un, ẹ wá wo bí ó ṣe ń lọ sílẹ̀. Bí omi bá sùn mọ́jú níbẹ̀, sókàwéè níbẹ̀ á máa kún lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ kí ayàwòrán mọ̀ kó tó parí ojú ewé yẹn.

Ọmọ_Ọ̀bokún

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á bù kún yín. Sọ́féè la máa kọ́kọ́ ṣe. Ohun mẹ́ta ló kù: báwo ni wọ́n ṣe ń ṣírò bílì? Kí ni wọ́n ń wò lọ́jọ́ àbẹ̀wò? Wáyà iná ńlá kan sì kọjá ní apá ẹ̀yìn ilẹ̀, kò kan ilẹ̀ gan-an o.

Olùṣètò_Ìlú

Mo máa bẹ̀rẹ̀ láti orí wáyà, torí ó lè gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ yín. Ẹ bèèrè bí agbára rẹ̀ ṣe tó. Bó bá jẹ́ 132 kV, àyè tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kọ́lé sí lábẹ́ rẹ̀ jẹ́ mítà 30, ìyẹn 15 sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan láti àárín ìlà. Bó bá jẹ́ 330 kV, mítà 50 ni, 25 sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kò dìgbà tí wáyà bá kọjá lórí ilẹ̀ yín. Bí òpó irin bá wà ní mítà 8 sí ààlà ẹ̀yìn, tí ó jẹ́ 132 kV, mítà 7 nínú ilẹ̀ yín ni ẹ ò lè kọ́lé sí, ó sì ti ju sẹ́tíbáàkì 3 lọ. Kí awọnlẹ̀ fa ìlà wáyà náà sórí sọ́féè.

Irú ìwọ̀n kan náà wà fún títì ìjọba àpapọ̀, bíi ti Ifẹ̀ sí Iléṣà àti Iléṣà sí Àkúrẹ́: mítà 45.72 sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àárín títì la ti ń wọ̀n ọ́n, kì í ṣe etí ọ̀dà. Ẹni tó bá wọn láti etí ọ̀dà ń tan ara rẹ̀ jẹ ni.

Bílì: ìtóbi ilé ni wọ́n ń ṣírò lé lórí, yálà mítà onígun mẹ́rin tàbí gbogbo àyè inú ilé, pẹ̀lú irú ìlò rẹ̀ àti àdúgbò. Ṣọ́ọ̀bù ń gba ju yàrá lọ. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní bílì tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní ìlà-ìlà, kí ẹ san án sínú àkáǹtì ìjọba, kí ẹ sì gba rìsíìtì ìjọba tó ní nọ́ńbà. Owó tí ẹ bá kó fún ènìyàn lọ́wọ́, kò sí nínú fáìlì. Lójú tèmi, ọ̀pọ̀ nínú ìyà tí àwọn tó ń tọrọ àṣẹ ń jẹ, ibẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀: wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ lé ẹnì kan tó ní òun "mọ èèyàn níbẹ̀", wọn ò rí bílì, wọn ò mọ nọ́ńbà fáìlì, wọn ò sì mọ ohun tí ọ́fíìsì bèèrè tí kò sí nínú rẹ̀. Ẹ mọ nọ́ńbà fáìlì yín láti ọjọ́ kìíní, ẹ máa fi béèrè tààrà.

Ọjọ́ àbẹ̀wò: ẹ pa koríko, pàápàá ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí bíkìn hàn síta. Kí ẹni tó mọ ilẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú sọ́féè lọ́wọ́. Wọ́n máa wo bóyá bíkìn bá nọ́ńbà orí ìwé mu, bí ọ̀nà tó wọ ilẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, ibi tí odò tàbí ojú àgbàrá wà, wáyà iná, ohun tí àwọn aládùúgbò ń fi ilé wọn ṣe, àti bóyá ẹ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ̀nà yẹn ń dá ọ̀pọ̀ dúró: ibi tí ẹbí ti gé ilẹ̀ tà láìsí ètò, wọ́n á fi ọ̀nà oní-mítà 4 sílẹ̀ fún pulọ́ọ̀tì ogún. Mítà 9 la sábà ń retí fún ọ̀nà àdúgbò. Bó bá dín sí i, wọ́n lè ní kí ẹ sún fẹ́ǹsì yín sẹ́yìn láti gba ìdajì ohun tó kù. Ẹ bá ẹbí sọ ọ́ kí wọ́n tó ta ti iwájú yín tán.

Agbẹjọ́rò_Ilẹ̀

Lára ìwé fáìlì tí a ò tíì dárúkọ: fọ́ọ̀mù tí ẹ kún, ìwé ẹ̀tọ́ orí ilẹ̀, ìwé owó orí ọdún mẹ́ta tó kẹ́yìn. Ẹni tó ń gbé òkè òkun, kó bèèrè irú ìwé owó orí tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì fún aṣojú rẹ̀ ní ìwé aṣojú gidi tí wọ́n buwọ́ lù níwájú ẹlẹ́rìí. Lẹ́tà WhatsApp kò tó.

Bíríkìlà_Àgbà

Mo gbà pẹ̀lú yín lórí fandéṣọ̀n. Tí àṣẹ bá wá jáde ńkọ́, ṣé wọ́n tún ń padà wá? Ó sì ń ṣẹlẹ̀ pé owó tán, iṣẹ́ dúró ọdún mẹ́ta.

Olùṣètò_Ìlú

Wọ́n ń padà wá, ó sì yẹ kí ẹ fẹ́ kí wọ́n wá. Ẹ kọ lẹ́tà pé ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ̀dà àwòrán tó ní òǹtẹ̀ wà lójú iṣẹ́ nígbà gbogbo, kí pátákó tó ní nọ́ńbà àṣẹ wà níwájú. Ẹ pè wọ́n nígbà tí ẹ bá ti ta okùn ilé sílẹ̀ kí ẹ tó gbẹ́lẹ̀, nígbà tí kòtò àti irin bá ti ṣe tán kí kọ́ńkéré tó bò ó, ní DPC, àti kí òrùlé tó gùn ún. Títa okùn yẹn ni mo kà sí jù. Ní ìgbà yẹn, okùn àti èèkàn nìkan lẹ máa sún bí ìwọ̀n bá yẹ̀.

Lábẹ́ òfin 1992, ọdún méjì ni àṣẹ fi ń ṣiṣẹ́ bí ẹ kò bá tíì bẹ̀rẹ̀. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ lọ sọ ọ́ dọ̀tun. Bí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ tó sì dúró, ẹ kọ̀wé sí ọ́fíìsì, ẹ má kàn dákẹ́. Bí ẹ bá sì fẹ́ yí nǹkan padà lójú iṣẹ́, bíi kí ẹ sún òpó, kí ẹ fi yàrá kún un tàbí kí ẹ sọ ọ́ di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àwòrán àtúnṣe gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba òǹtẹ̀.

Ẹnjiníà_Kọ́ńkéré

Ó kan èyí tó kẹ́yìn yẹn: bí ọkàn yín bá ń sọ pé lọ́jọ́ kan ẹ máa gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé e, ẹ sọ ọ́ báyìí. A máa ṣírò fandéṣọ̀n àti òpó fún un láti ìsàlẹ̀. Òpó tó ní irin oní-12 mẹ́rin fún ilé ilẹ̀, ẹ má gbé dẹ́kìn lé e lórí lẹ́yìn ọdún márùn-ún nítorí pé irin rẹ̀ yọrí síta lókè.

Ọmọ_Ọ̀bokún

Ó yé mi. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kò sí nínú ètò. A máa bá awọnlẹ̀ lọ sórí ilẹ̀, a máa ní kó fi wáyà iná àti ọ̀nà sórí sọ́féè. Bí nọ́ńbà bá jáde, màá gbé ìwọ̀n ilẹ̀ gan-an síbí kí ẹ bá wa wo ìbú ilé.

Awọnlẹ̀_31

Kí ó fi gíga ilẹ̀ kún un pẹ̀lú, ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti àárín. Ẹ bá a sọ ọ́ kó tó gbé ẹ̀rọ wá, kó lè ṣe é lọ́jọ́ kan náà. Ayàwòrán, ẹnjiníà àti Wolé_Wolé, gbogbo wọn ló máa lò ó.